Ike Gbígbóná àti Ìlera Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, ní Allen Avenue ní Ìkẹjà, oòrùn ọ̀sán a máa pa àwọn ike omi ńlá tí à ń kó lọ sí ọ́fíìsì. Púpọ̀ nínú ike líle tí ó mọ́ gaara bí dígí bẹ́ẹ̀ ni a fi kẹ́míkà Bisphenol A ṣe. Láti 1936 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó ń ṣe bí họ́mónù obìnrin nínú ara. Bí ike náà bá gbóná tàbí tí ó gbó, kẹ́míkà yìí lè yọ́ sínú omi.

Ǹjẹ́ ó léwu? Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Ní 2023, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù dín ìwọ̀n tí ara lè gbà lójúmọ́ kù ní ìlọ́po 20,000. Àjọ ti Jámánì kò fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, Kánádà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò nínú ìgò fídà ọmọ láàárín 2010 sí 2012.

Èrò tèmi ni pé kí a má dúró de òpin àríyànjiyàn, nítorí ìṣọ́ra yìí kò wọ́n. Ẹ fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà. Bí wàrà inú agolo bá di dandan, inú ife dígí tàbí irin ni kí ẹ ti fi omi gbígbóná pò ó, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọmọ tó mu ún. Ẹ gbé ike omi sí ibòji.

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin.