Kí kámẹ́rà má ṣe tojú bọ ilé onílé
Nílé tí kámẹ́rà ń ṣọ́, ewúrẹ́ kọjá, tẹlifóònù dún. Alùpùpù kọjá, ó tún dún. Bí ó bá ń dún lásán, ta ni yóò kà á sí lọ́jọ́ tí olè bá dé? Ó yẹ kí onílé fi ìka fa ààlà sórí àwòrán inú tẹlifóònù, kí ààlà náà mú ẹnu ọ̀nà àti àgbàlá, kí ó yọ títì sílẹ̀. Ohun tó bá mira nínú rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yóò kéde.

Ṣùgbọ́n ààlà kì í sábà dí ojú kámẹ́rà. Ó ṣì lè máa ya ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Òfin Benin ti ọdún 2018 sì dáàbò bo àwòrán ènìyàn. Kí onílé darí ojú kámẹ́rà sí àgbàlá tirẹ̀.