Bíbélì Lábíyá, Òkùnkùn Lọ́kàn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú gbogbo, bí ojú bá ti ń mọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹru dé Òde Rẹ́mọ, tọmọdé tàgbà a máa tú jáde sí títì pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Àwọn kan wọ aṣọ funfun, àwọn mìíràn wé gèlè, àwọn ọ̀dọ́ gbé tiwọn sínú fóònù. Àlejò tí ó bá rí wọn yóò sọ pé àwọn ènìyàn Ìwé nìyí. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti parí, Bíbélì yẹn a padà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró àti omi àdúrà, kò sì ní ṣí mọ́ títí ọjọ́ Àìkú mìíràn yóò fi pé. Àwọn kan a ṣí i kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí àlá burúkú má baà wọlé; wọn kì í kà á. Ìwé tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọgbọ́n ti di ońdè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Òwe yìí gan-an ni ó bá ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ òde òní wí. Wọ́n ti gbé ojú wọn fún pásítọ̀ àti wòlíì pé kí ó máa bá àwọn kàwé, kí ó máa bá àwọn ronú, kí ó sì máa bá àwọn gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Bí ẹni tí wọ́n gbé ojú fún bá jẹ́ olóòótọ́, orí yọ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ oníjìbìtì, kò sí ohun tí wọn yóò fi mọ̀. Ọ̀ràn yìí kì í sì í ṣe ti ìsìn nìkan. Ọ̀ràn owó ni, ọ̀ràn ìlera ni, ọ̀ràn ìdílé ni pẹ̀lú.

Kì í ṣe báyìí ni ìgbàgbọ́ náà ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí àwọn akónilẹ́rú kó lọ ní 1821, kò gbé ìgò òróró padà wálé. Ìwé ni ó gbé dání. Ní 1843 tí ó di àlùfáà, ní ọdún náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1850, ìtumọ̀ ìwé Róòmù sí èdè Yorùbá tẹ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Odidi Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín méjèèjì. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé Róòmù, tí ó wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ìwé ìtàn iṣẹ́ ìyanu. Ìwé àlàyé ni, ìwé ìjiyàn ni, ìwé tí ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó yé òun gbọ́dọ̀ jókòó tì. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ gbà pé ọmọ Yorùbá lè ronú jinlẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Àwọn tí ó jogún iṣẹ́ wọn ni ó wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti gùn jù, kí pásítọ̀ sáà gbàdúrà.

Ohun tí àìkàwé ń fà kò ṣòro láti rí. Ẹ mú Sáàmù 105, ẹsẹ 15, níbi tí a ti kìlọ̀ fún àwọn ọba nípa àwọn ẹni òróró Ọlọ́run. Lónìí, bí ọmọ ìjọ kan bá béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ilé ìjọsìn tí gbogbo ènìyàn dá, ẹsẹ yìí ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Sáàmù náà láti òkè yóò rí i pé ọ̀rọ̀ Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n sì ń rìn káàkiri bí àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀. Alágbára ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún nítorí aláìlágbára. Wọ́n ti yí i po báyìí: alágbára ni ó ń fi í dẹ́rù ba aláìlágbára.

Ẹ mú Málákì 3, tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ìdámẹ́wàá. Ẹsẹ 10 fúnra rẹ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi ń kó o wá: kí oúnjẹ lè wà nínú ilé Ọlọ́run. Diutarónómì 14 sì ka àwọn tí yóò jẹ nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ Léfì tí kò ní ilẹ̀ ìní, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó. Opó tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san ní Òde Rẹ́mọ yẹ kí ó mọ̀ pé òfin náà dárúkọ irú òun, àti pé láàrin àwọn tí wọn yóò fún ni orúkọ náà wà.

Jeremáyà 29, ẹsẹ 11, tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ àti sára káàdì ọjọ́ ìbí ńkọ́? Lẹ́tà ni wòlíì náà kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì. Ẹsẹ tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ pé àádọ́rin ọdún ni yóò kọ́kọ́ pé. Òkè lẹ́tà náà ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n sì wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Nínú orí yẹn kan náà ni ó ti kìlọ̀ fún wọn nípa àwọn wòlíì tí ń tàn wọ́n jẹ. Ẹni tí ó gé ẹsẹ kan ṣoṣo yìí mú, tí ó ń fi í ṣèlérí físà láàárín ọjọ́ méje, ti sọ ọ̀rọ̀ sùúrù di ọ̀rọ̀ ìkánjú. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Ẹni tí ó gbọ́ ẹsẹ kan, tí ó fi dájọ́ gbogbo Ìwé, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mímọ ẹsẹ sórí nìkan ti tó. Nínú Mátíù 4, Sátánì náà ka Sáàmù fún Jésù. Sáàmù 91 ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ̀ mọ́ ògiri ilé. Jésù kò fi ariwo dá a lóhùn. Ìwé ni ó fi dá Ìwé lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ kan péré ni ó mọ̀, kí ni ìbá sọ?

Inú ilé ni àìmọ̀ yìí ti ń ṣe ibi jù. Ìyá kan yóò tọ́ ọmọ, yóò ta ohun gbogbo tí ó ní láti fi rán an níwèé. Bí nǹkan bá wá dojú rú fún ọmọ náà, wòlíì yóò nawọ́ sí ìyá arúgbó pé òun ni àjẹ́ tí ó so ó mọ́lẹ̀. Ọmọ yóò gbà, nítorí kò jókòó ka ìwé Jóòbù parí rí, níbi tí Ọlọ́run ti bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fi dandan wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa ìyà ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yóò da oògùn rẹ̀ nù nítorí wọ́n sọ fún un pé àìnígbàgbọ́ ni lílo oògùn. Kò mọ̀ pé wòlíì Àìsáyà ni ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà ọba. Kò mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù gba Tímótì nímọ̀ràn pé kí ó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí àìlera inú rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò fara sin. Inú Bíbélì tí ó wà lábíyá ni wọ́n wà.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìwé kíkà àkàjù a máa pa iná Ẹ̀mí. Wọn yóò tọ́ka sí ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nípa lẹ́tà àti Ẹ̀mí nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 3, bí ẹni pé ìwé kíkà ni ó ń bá wí. Ẹni tí ó bá ka orí náà já yóò rí i pé májẹ̀mú àtijọ́ tí a fín sára òkúta àti májẹ̀mú tuntun ni ó ń fi wéra. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, nígbà tí ikú rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó bá òun kó àwọn ìwé òun wá.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ẹ̀rí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ògèrè ni Josiah Olúnówó Òṣítẹ̀lú ti dá ìjọ Aládùúrà tí a mọ̀ sí Church of the Lord sílẹ̀ ní 1930. Aríran àti aládùúrà ni ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n olùkọ́ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni kí ó tó di wòlíì. Lẹ́yìn ìsọjí ọdún náà, òun àti àwọn olórí Faith Tabernacle kò fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn orúkọ mímọ́ àjèjì tí ó ń lò nínú àdúrà. Àríyànjiyàn wọn kì í ṣe lórí ẹni tí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Bóyá Ìwé Mímọ́ ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí ó yá, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Harold Turner kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ Bíbélì tí àwọn oníwàásù ìjọ Òṣítẹ̀lú ti lò jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé ìwádìí tí ó jáde ní 1965. Kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó jọ láàrin àwọn tí kì í ṣí Bíbélì. Àwọn aládùúrà ìgbà náà mọ̀ pé àlá gbọ́dọ̀ wá jẹ́jọ́ níwájú Ìwé.

Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí kò jìnnà sí Ògèrè, ìjọ Adventist dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje péré, láti kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Òun ni ó di Yunifásítì Babcock ní 1999. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò rí ilé ńláńlá. Ìpìlẹ̀ wọn ni ènìyàn méje tí ó jókòó kọ́ Ìwé Mímọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn láti 1898. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá kan náà, ẹni tí kò lè ṣàlàyé orí Bíbélì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè gba ṣọ́ọ̀bù kan, kí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀, kí ó sì pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Mẹkáníìkì a máa kọ́ṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Ẹni tí yóò máa tún ọkàn ènìyàn ṣe ni wọn kì í bi léèrè ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìkẹ́nnẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀ ni Táí Ṣólàrín ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Wesley College ní Ìbàdàn, wà lára ibi tí ó ti kàwé. Èébú kì í ṣe ìdáhùn fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Èpè kì í ṣe ìdáhùn. Pétérù Kìíní, orí 3, ẹsẹ 15, gbà pé ìbéèrè yóò wá, ó sì ní kí Onígbàgbọ́ ti múra láti ṣàlàyé ìdí ìrètí rẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ṣólàrín kú ní 1994, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè tí ó ń béèrè kò bá a lọ. Wọ́n wà nínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí ọmọ bá béèrè, tí òbí sì dáhùn pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè, ọmọ yóò mọ̀ pé baba òun kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bá pa lẹ́nu mọ́ nílé, ìta ni yóò ti lọ gba ìdáhùn.

Kò sí àwáwí tí ó dúró. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn Rẹ́mọ kò mọ bí a ṣe ń yẹ nǹkan wò. Oníṣòwò obì ní Ṣàgámù kì í sanwó gbànja láìtú u wò. Ojú rẹ̀ a máa bá èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Ẹni tí ó ń yẹ obì wò báyìí ni yóò gba àsọtẹ́lẹ̀ láìbi í léèrè ohun kan, tí yóò sì kó owó ọjà rẹ̀ lé e lórí. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17, a yin àwọn ará Béríà nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Bí wọ́n bá yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò tí kò di ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn, pásítọ̀ wo ni ó ga jù bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ ẹsẹ kan nínú ìwàásù padà délé, kí ó ka odidi orí náà, kí ó sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ ọ́, kí ni ó fà á? Kí àwọn ìjọ fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má sì pe abéèrè ní ọlọ̀tẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Kí òbí kọ́ ọmọ láti ka Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, nítorí ọmọ tí kò lè ka èdè rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ti ẹni tí kò mọ̀wé kà kò burú: nínú Nehemáyà 8, wọ́n ka òfin sétí gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣàlàyé títí ó fi yé wọn. Bí ọmọ bá ń ka orí kan fún ìyá rẹ̀ ní alaalẹ́, iṣẹ́ àwọn ọmọ Léfì ni ó ń ṣe.

Nígbà tí Fílípì bá ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ tí ó ń ka ìwé Àìsáyà, ó bi í bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Ìjòyè tí gbogbo ìṣúra ayaba wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni, kò sì bínú. Ó jẹ́wọ́ pé òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá gbé Bíbélì sábíyá kọjá ní títì Òde Rẹ́mọ ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Ìwẹ̀fà náà ti ń kà kí wọ́n tó bi í. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ibí kò tíì ṣí i.