Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn

Àwọn àgbà ló ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹ wo ìyá tó mọ aṣọ í tọ́jú nígbà tó bá fọṣọ tán. Ìró àti bùbá yóò wà lórí okùn ní gbangba, níbi tí ará àdúgbò ti lè rí i. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àdìrẹ aláró, abẹ́ ibòji ni yóò sá a sí kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Ẹni tó bá rò pé ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé kí èèyàn máa fi gbogbo nǹkan pamọ́, kò gbọ́ ọ tán. Òwe náà kò ní ká má sáṣọ. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò kàn rárá, òórùn ni yóò máa rùn nínú àpótí.

Ìròyìn ẹbí àti ti ìrìnàjò tí à ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wa lókèèrè lórí fóònù ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò. Kí GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, lẹ́tà lè pẹ́ lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn mìíràn a gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè má ṣe mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àwọn tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Bí ẹnì kan bá sì bímọ ní Manchester, bàbá àgbà lè wà ní Ìsẹ́yìn kó máa sọ ọmọ lórúkọ lójú fídíò lọ́jọ́ kẹjọ, fóònù yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare, àwọn ọ̀rẹ́ tó wà káàkiri yóò sì máa ṣe àmín. Irú aṣọ báyìí, oòrùn tọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ká fi í pamọ́ ń fi ayọ̀ du àwọn tó fẹ́ràn wa.

Ibi tí òwe náà ti ń bá wa wí ni pé kí a tó sá aṣọ, ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ín. Oyún ọ̀rẹ́ wa, òun ló ni ín. Bí kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a kò gbọdọ̀ bá a kéde rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wọ aṣọ ilé ìwé, tí orúkọ ilé ìwé hàn láyà rẹ̀, kò lè sọ pé òun kò fẹ́. Àwa òbí la gbọ́dọ̀ bá a rò ó, nítorí fọ́tò náà lè júwe ibi tí àjèjì yóò ti máa rí i lójoojúmọ́. Èyí tó dùn mí jù ni fọ́tò ìyá arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí rọ́bà wà nímú rẹ̀, tí wọ́n kọ “Ẹ bá wa gbàdúrà” sábẹ́ rẹ̀. Ìyá tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò rí òun láìwé gèlè ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún aráyé wò yẹn. A lè tọrọ àdúrà láìfi ojú aláìsàn hàn. Ọlọ́run tí à ń bẹ̀ kò nílò fọ́tò.

Ó tún yẹ ká mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń túfọ̀. Bí bàbá bá kú, wọn kì í ké e mọ́ ọmọ tó wà lájò lórí. Àgbà ẹbí yóò ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, pé ara bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kó tó dé, àwọn tí yóò dì í mú ti wà nílẹ̀. Lónìí, kí wákàtí kan tó pé, ọmọ ìlú kan ti gbé àwòrán àbẹ́là sórí Facebook, ó ti kọ “Sùn un re o, Bàbá” sí i. Ẹnu iṣẹ́ ní Houston ni ọmọ olóògbé ti kà á, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní èrò ibi, ó fẹ́ bá wọn kẹ́dùn ni. Àmọ́ ó ti gba iṣẹ́ àgbà ẹbí ṣe. Ó yẹ kí irú ìròyìn yìí kọ́kọ́ ti ẹnu èèyàn dé etí àwọn tó sún mọ́ ọn jù, kí ayé tó gbọ́.

Ti ìrìnàjò, àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó lọ sí Salvador ní Brazil, tó rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń din àkàrà lójú títì, tí wọ́n ń pè é ní acarajé, ó yẹ kó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú Yorùbá wo ni kò ní dùn? Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ síta pé “Gbogbo wa ti rìnrìnàjò fún ọ̀sẹ̀ méjì” ti sọ fún olè pé ilé òun ṣófo. Ẹni tó ń dárúkọ ìlú tó kàn láti inú ọkọ̀ ń júwe ara rẹ̀ fún ajínigbé. Fọ́tò kì í bàjẹ́. Bí a bá délé láyọ̀, ká fi í hàn nígbà náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ wá kí wa kú àbọ̀.

Bí ẹnì kan bá ní status WhatsApp kò léwu nítorí pé ó ń pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, kó rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè yà á pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan sì lè gba èèyàn 1,024. Ta ló mọ gbogbo wọn tán? Àmọ́ ẹ̀rọ kan náà fún wa láyè láti yan àwọn tí yóò rí ohun tí a gbé síbẹ̀, tàbí ká dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ márùn-ún péré. Èyí tó dára jù ni kí a fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, kí a pè é lórúkọ, kí a bèèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe tìtorí òwe yìí dákẹ́ mọ́ àwọn èèyàn yín lókèèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bóyá ó fẹ́. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.