Bí A Ti Ń Tọ́jú Eyín Tí Ó Wọ Irin

Irin tí a ń lẹ̀ mọ́ eyín, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń pè ní « bagues », ti ń di ohun tí a ń rí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ láàárín wa. Òbí mìíràn a máa rò pé bí òun bá ti san owó irin náà tán, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà ló ń to eyín, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ irin ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ tún ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ẹwà ni èjí jẹ́. Kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí èjí rẹ̀ bá wù ú kò ní láti pa á dé nítorí àwòrán tí ó rí nínú fóònù. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí irin wà fún ni ọmọ tí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pàdé dáadáa, tí kò lè jẹ oúnjẹ kúnná, tàbí tí eyín rẹ̀ gun ara wọn débi pé kò ṣeé fọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tẹ ìwé « Le Chirurgien dentiste » jáde ní Paris. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí a ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa eyín sí ipò rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ti òde òní: agbára díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí wáyà ti ń fa eyín, egungun tí ó wà níwájú rẹ̀ ń yọ́, òmíràn sì ń hù lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń gba nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ tí ó bá ń fo ọjọ́ tí dókítà dá fún un, tí ó ní ọ̀nà Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu jìn, ń fi kún iye oṣù tí irin yóò lò lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ewu tí ó tóbi jù ni oúnjẹ tí ó bá há sí abẹ́ irin. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n sì ń tú omi kíkan tí ń jẹ ara eyín jáde. Láàárín oṣù kan péré, àmì funfun bí ẹfun lè yọ yí irin ká. Lọ́jọ́ tí a bá tú irin náà, eyín yóò ti gún, ṣùgbọ́n àbàwọ́n lè wà lára rẹ̀ títí. Erìgì pẹ̀lú lè wú, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Ǹjẹ́ pákò kò tó? Pákò dára, orin ata ti fọ ẹnu àwọn baba wa mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè dé abẹ́ wáyà, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó lè ṣí irin kúrò. Kí ọmọ fi pákò sílẹ̀ fún ìgbà náà, kí ó lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní « fluor » lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Kí ó fọ òkè irin níbi erìgì, kí ó fọ ìsàlẹ̀ irin, kí ó sì fọ ẹ̀yìn eyín àti orí èyí tí a fi ń jẹun. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tún wà tí a ń tì bọ abẹ́ wáyà. Ní ilé-ìwé, bí búrọ́ọ̀ṣì kò bá sí nítòsí, kí ó fi omi mímọ́ ṣan ẹnu dáadáa.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní Pobè, níbi tí ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ wà, ọmọ wo ni kò fi eyín pa èkùrọ́ rí? Ẹni tí ó wọ irin kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Èkùrọ́, kúlíkúlí, ìrèké, orógbó àti egungun ẹran ń tú irin. Kí a yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù rẹ̀ kí a tó jẹ ẹ́. Kí a fi ọ̀bẹ gé ẹran àti máńgòrò wẹ́wẹ́. Kí a jìnnà sí bọ́ńbọ́ń tí ń lẹ̀ mọ́ eyín àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ewu nínú ẹ̀kọ, àmàlà, ẹ̀wà tí ó jinná àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀.

Bí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa wáyà le, eyín yóò máa dunni fún ọjọ́ mélòó kan. Oúnjẹ rírọ̀ ni kí a jẹ nígbà náà. Bí wáyà bá ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí a fi ìda rírọ̀ tí dókítà fún ọmọ bò ó. Bí irin kan bá ṣí, kí a pe dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má sì ra irin ẹ̀ṣọ́ lọ́jà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí irin tí oníṣègùn kò wọ̀n lè ba eyín tí ó gún tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ní Thailand, ìjọba ti fi òfin de títà rẹ̀.

Nígbà tí irin bá kúrò, eyín a máa fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń fún ọmọ ní ohun tí yóò máa mú eyín dúró, pàápàá lóru. Ẹni tí ó bá jù ú sínú àpótí, owó àti ìrora ọdún méjì ló jù nù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa wo ẹnu ọmọ yín kí ó tó sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kò pọ̀ jù fún eyín tí ẹ ó lò dọjọ́ ogbó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà kan ná.