Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì
Ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, obìnrin kò ṣọ̀wọ́n láàárín akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí ipò olùkọ́ ṣe ń ga sí i ni iye wọn ń dín kù. Grace Alele-Williams gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1963, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Benin, ní 1985. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, kò yan obìnrin ṣe gíwá gan-an, tí kì í ṣe adelé, títí di 2022, nígbà tó kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọláṣadé Ògúnṣọlá. Ìdí tí obìnrin fi ń dín kù lókè kò jìnnà. Oyè ọ̀mọ̀wé àti iṣẹ́ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé olùkọ́ ga, ọdún tí iṣẹ́ yìí sì gbóná jù ni ọdún ọmọ bíbí àti ọmọ títọ́. Ẹni tó pọn ọmọ àti ẹni tó ṣánwọ́ ni wọ́n jọ ń gun àkàsọ̀ kan náà. Wọ́n á fi ìpàdé ẹ̀ka sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọmọ á máa wo aago nítorí ọmọ tó ń dúró dè é nílé ìwé, ẹni tó bá jókòó dópin ni ipò ìgbìmọ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ibi ìtọ́jú ọmọ nínú ọgbà, ìpàdé òwúrọ̀, àti àfikún ọdún tí ẹni tó bímọ á fi parí iṣẹ́ tí ìgbéga ń béèrè kò ní bu ìmọ̀ kù. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ló yẹ kó ṣe é.