Ká Bi Ilẹ̀ Léèrè Kí A Tó Kọ́lé

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ilẹ̀ n'Ílọrin, ní Adéwọlé tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ odò Asa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wádìí ni ẹni tó ni ín, àti bóyá ìjà wà nínú rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù tó yẹ kí ìjọba sọ di dandan: ibo ni omi dé rí lórí ilẹ̀ yìí? Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ní ìdáhùn.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Borno. Láti Maiduguri lọ sí Bama, òkìtì yanrìn kan nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà 12. Etí adágún Chad àtijọ́ nìyẹn, ìgbì ló kó yanrìn náà jọ. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, adágún náà fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Níbi tó jẹ́ ìsàlẹ̀ omi nígbà náà, amọ̀ dúdú ló kù síbẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ kò ní lè kọjá. Ìdí nìyí tí ọ̀nà mọ́tò fi gba orí òkìtì. Ní Sweden, ibi tó ti jẹ́ etíkun rí ti wà lórí òkè báyìí, mítà 286 sókè òkun, nítorí pé yìnyín ńlá tó tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ti yọ́, ilẹ̀ sì ń gbéra títí dòní.

Ẹlòmíràn á ní yìnyín yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa, kí ló kàn wá? Ó kàn wá. Nígbà tí omi di yìnyín lórí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, òkun lọ sílẹ̀ tó mítà 120, etíkun Èkó náà sì fà sẹ́yìn. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni òkun tó padà gòkè.

Wọ́n tún lè ní ọ̀rọ̀ àtayébáyé kò kan onílé òde òní, pé ìsédò Alau tó fọ́ ló kó omi bo Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Òótọ́ ni pé ìsédò ló fọ́. Àmọ́ nígbà tí omi ti jáde tán, bí ilẹ̀ ṣe ga tàbí tó kún fún kòtò ló pinnu ilé tó máa wọ̀. Omi kì í sì í dúró de ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó yí padà: adágún Chad tó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóòró láàárín ọdún 1960 sí 1969 kò tó 2,000 mọ́ nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Àwíjàre tó wúwo jù ni pé tálákà kò rí ilẹ̀ mìíràn rà. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó, kì í ṣe ìgbà tí katakata bá dé láti wó ilé rẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Kí ìjọba Kwara gbé iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n ya ibi tí odò Asa ti gbà rí sínú àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ilẹ̀ tó bá bọ́ sínú àwòrán náà, kí ìjọba má fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ níbẹ̀ mọ́.