Ẹni Tó Ní "Ọ̀dà Ni Ọ̀dà" Ní Í Kun Ilé Lẹ́ẹ̀mejì



Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin akunlé àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù. Onílé a sọ ọ́ nígbà tí owó bá ń dùn ún. Akunlé a sọ ọ́ nígbà tó bá ń kánjú. Ọlọ́jà a sọ ọ́ nígbà tí èyí tí a béèrè bá ti tán nínú ọjà rẹ̀. Gbólóhùn náà ni pé: "Ọ̀dà ni ọ̀dà. Orúkọ lásán ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni." Wọ́n ní emọ́ṣọ̀n, gílọ́ọ̀sì, páráímà, ọ́ńdákóòtù, ẹpọ́kísì, ọgbọ́n ìpolówó ni gbogbo rẹ̀, bí àwọ̀ bá ṣáà ti wu ojú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń náni lówó ni. Orúkọ ọ̀dà ló ń sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún wa. Ta ni nínú wa tí yóò gbé ìyàwó wọlé láì béèrè ohun tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ? Ọ̀dà náà ní ohun tí kì í jẹ. Ẹni tí kò bá béèrè, ògiri rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn.

ÒGIRI TÓ Ń SE ỌṢẸ

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òkèèrè ni mo ti ń sọ̀kò. Nígbà tí a rẹ́ ògiri ilé ìdáná mi tán, ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí mo fi ránṣẹ́ pe akunlé. Ó dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú ná. Tó bá yá, ẹ jẹ́ ká fi emọ́ṣọ̀n kùn ún. Gílọ́ọ̀sì ò ní bá a gbé." Mo ní ṣebí ọ̀dà ni ọ̀dà, gílọ́ọ̀sì ni mo fẹ́, nítorí pé èéfín ṣeé nù kúrò lára rẹ̀. Ó ṣe é bí mo ṣe wí. Kí òjò ọdún náà tó ṣíwọ́, ọ̀dà ti ń lẹ̀ mọ́ni níka, ó ń lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó sì ń ṣí ní abala-abala. Mo bú akunlé. Èmi gan-an ló yẹ kí n bú.

Ẹ bi ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Eérú èèpo kókó ló ń kó jọ. Á da omi sí i, á sẹ́ ẹ. Omi eérú yẹn mú, ó ń ta ni lọ́wọ́. Bí ó bá bá àdín pàdé lórí iná, àdín á gbàgbé pé òróró ni òun, á di ọṣẹ. Simẹ́ǹtì tútù ní irú oró omi eérú yẹn nínú. Gílọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, òróró wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi gílọ́ọ̀sì kun simẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ, ìkòkò ọṣẹ ló gbé kaná láìmọ̀, ògiri sì ni ààrò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fún ògiri tuntun ní nǹkan bí ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, tí wọ́n sì máa ń fi páráímà tó lè fara da oró simẹ́ǹtì ṣáájú. Omi ni wọ́n fi ń la emọ́ṣọ̀n; èyí tó dára nínú rẹ̀ kò ní òróró tí simẹ́ǹtì lè sọ di ọṣẹ, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri rí ọ̀nà jáde. Ẹ wá sọ fún mi, nínú emọ́ṣọ̀n àti gílọ́ọ̀sì, èwo ni orúkọ lásán?

SÍŃKÌ TÍ Í KÚ FÚN IRIN

Ẹ gun Òkè Màpó n'Íbàdàn, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Òrùlé aláwọ̀ ìpẹtà ló tẹ́ lọ súà títí ojú fi mọ. Àwọn kan ń pè é ní páànù, àwọn mìíràn ń pè é ní síńkì. Ẹni tó pè é ní síńkì kò mọ bí òun ṣe sọ òótọ́ tó. Irin ni páànù yẹn láti inú wá. Síńkì ni awọ tí wọ́n fi bò ó, awọ náà sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Síbẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn kò pè é ní irin; orúkọ awọ ni wọ́n fún un. Wọ́n gbà, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀, pé ohun tí a fi bo nǹkan ló ń pinnu bí nǹkan náà yóò ṣe pẹ́ tó.

Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá dé, síńkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ. Níwọ̀n ìgbà tí síńkì bá ṣì wà, irin wà láyè. Ọjọ́ tí síńkì bá tán ni àwọ̀ tí à ń wò láti Òkè Màpó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètùtù, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín: ẹran ló ń kú kí olórí ètùtù má baà kú.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà irin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lọ síńkì kúnná sínú páráímà kan, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ kùn sára irin afárá, irin ọkọ̀ ojú omi àti àgbá epo ńláńlá. Ṣùgbọ́n ẹran ètùtù gbọ́dọ̀ kan orí ẹni tó ni ín. Síńkì inú páráímà yẹn gbọ́dọ̀ fara kan irin gan-an. Bí ìpẹtà tàbí ọ̀dà àtijọ́ bá wà láàárín wọn, owó ti ṣòfò. Abájọ tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ ohun líle tó dà bí yanrìn lu irin náà títí yóò fi funfun. Orúkọ wà fún ìwọ̀n mímọ́ tí irin náà gbọ́dọ̀ mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ káàkiri ayé: Sa 2½ lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí a bá fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kékeré ha, St ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá béèrè Sa 2½ tí wọ́n fún un ní St 2 ti ra ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́.

Páànù tuntun tó ń dán náà ní èèwọ̀. Bí ẹ bá fi gílọ́ọ̀sì kùn ún tààrà, òróró inú rẹ̀ àti síńkì yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọṣẹ wọn, ọ̀dà yóò sì ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Páráímà tirẹ̀ wà, lọ́tọ̀.

AFÁRÁ TÍ WỌ́N FI Ń PÒWE

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo irin tó ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní Sikọ́tílándì, afárá rélùwéè kan wà lórí omi Forth tí wọ́n ṣí ní 1890. Atẹ́gùn iyọ̀ ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Wọ́n kùn ún, kùn ún, débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ kíkùn rẹ̀ di òwe fún iṣẹ́ tí kì í tán.

Láti 2002 ni wọ́n ti yí ọwọ́ padà. Wọ́n ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí dé ara irin. Wọ́n kun páráímà. Lé e lórí, wọ́n kun ẹpọ́kísì tí ìpẹ́pẹ́ gíláàsì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń lò fún ilé iṣẹ́ epo lórí òkun. Wọ́n wá fi ọ̀dà ìbojú kádìí rẹ̀. Ní December 2011, iṣẹ́ tí kì í tán tán, wọ́n sì retí kó tó ọdún 25 kí wọ́n tó tún kùn ún. Afárá kan náà, òjò kan náà, iyọ̀ kan náà. Bí ọ̀dà bá jẹ́ ọ̀dà, kí ló sọ òwe náà di irọ́?

Ẹ wò ó dáadáa: ìpele mẹ́ta náà kò lè gba ipò ara wọn. Páráímà ni ìpìlẹ̀, kò sí ohun tó di irin mú tó o. Ẹpọ́kísì ni ògiri. Omi kì í tètè ráyè kọjá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ni èèwọ̀ ẹpọ́kísì. Ẹ fi í sílẹ̀ sí gbangba, ojú rẹ̀ yóò máa yọ ẹfun. Bí ẹ bá fọwọ́ nù ún, ẹ ó rò pé ẹfun ni ẹ fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí ìbojú tó lè gba oòrùn sára fi gbọ́dọ̀ wà lókè. Agolo méjì ni ẹpọ́kísì sì máa ń wá. Láti ìgbà tí a bá ti po méjèèjì pọ̀ ni ó ti ń le lọ. Ẹni tó ní ọ̀dà ni ọ̀dà, tó ṣí agolo kan tó gbàgbé ìkejì, yóò dúró de gbígbẹ rẹ̀ títí.

OMI INÚ AGOLO

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ mọ́ ìṣirò. Gbogbo ọ̀dà ní ohun tí yóò kù sára ògiri àti ohun tí yóò fò lọ. Ká ní ìdajì ọ̀dà kan ló ń kù. Bí akunlé bá kùn ún nípọn tó maikirọ́ọ̀nù 100 ní tútù, 50 ni yóò gbẹ sí. (Maikirọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan.) Wàyí o, akunlé da tínà, ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, tó pọ̀ tó ọ̀dà náà gan-an sínú rẹ̀ kó lè ṣẹ́ owó kù. Ó tún kùn ún ní 100 tútù. 25 péré ló kù. Ojú ò rí i lọ́jọ́ náà, nítorí àwọ̀ ṣì bo ibẹ̀. Òjò ni yóò rí i. Ẹ̀kọ mímu tí a bomi là jù ṣì ń jẹ́ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ikùn mọ ìyàtọ̀.

ÒÓTỌ́ TÓ WÀ LẸ́NU WỌN, ÀTI ÒJÉ

N kò ní fi òótọ́ pamọ́: àwọn ọlọ́jà kan ń parọ́. Wọ́n ń kọ orúkọ ńlá sára agolo tí omi ẹfun wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbínú àwọn tó ń sọ pé ọ̀dà ni ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, n kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé wọ́n ń ta ayédèrú oògùn ni a ó ṣe sọ pé oògùn ibà àti oògùn inú rírun, ọ̀kan náà ni? Ẹni tó mọ orúkọ ló lè mú òpùrọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ohun tí yóò fi bá a jà.

Ọ̀ràn kan sì wà níbi tí àìbìkítà yìí ti ré kọjá owó. Fún ìgbà pípẹ́, òjé ni wọ́n ń lò fún ọ̀dà funfun àti fún páráímà pupa ti irin. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kíkun afárá Golden Gate ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 1937. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti 1921 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ṣe àdéhùn láti dín òjé funfun kù nínú ọ̀dà. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní 1978. Lónìí, ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí kò ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ojú lásán kò lè dá òjé mọ̀. Ohun tí a kọ sára agolo ni ọ̀nà àbáyọ onílé, ìyẹn bó bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun kà á. Bí ọ̀dà inú ilé yín bá sì ti gbó, ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ níbi tí ọmọ wà. Ẹ fi omi sí i, kí ekuru rẹ̀ má baà fò.

ÀWỌN ÌYÁ WA KÒ SỌ BẸ́Ẹ̀

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo ìpele àti orúkọ yìí. Ẹ lọ sí ìdí aró l'Ábẹ́òkúta tàbí l'Óṣogbo. Ewé èlú ní orúkọ tirẹ̀, omi eérú ní tirẹ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń kọ adìrẹ kí aró má baà dé ibẹ̀ ní tirẹ̀. Aláró tó bá ní omi ni omi, tó fi omi kànga rọ́pò omi eérú, aró rẹ̀ kò ní mú aṣọ. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. Ìmọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Kí ló dé tí ìmọ̀ akunlé wá di ọgbọ́n ìgbowó?

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ KỌ SÍWÈÉ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ògiri là á wò ká tó yan ọ̀dà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àdéhùn sọ ohun mẹ́rin: ohun tí ẹ fẹ́ kùn àti bó ṣe gbẹ tó tàbí bó ṣe mọ́ tó, orúkọ ọ̀dà fún ìpele kọ̀ọ̀kan, iye ìpele, àti iye omi tàbí tínà tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí. Akunlé tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnì kan tilẹ̀ béèrè.

Akunlé mi padà wá. Ó ha gbogbo ọṣẹ mi dànù, ó fi oṣù kan sílẹ̀ kí ògiri gbẹ. Lọ́jọ́ tó dé, kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó dúró díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa ẹnu mi mọ́.